BÍBÁ ÈNÌYÀN GBÉ KÍ A TÓ KỌ̀WÉ NÍPA RẸ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa ní Adó-Èkìtì, nípa ìwádìí tí a ṣe ní Ọjà Ọba)



Ọ̀rọ̀ tí Ẹgbẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́ lónìí ni ọ̀rọ̀ ìwádìí. Gbogbo wa ni a ti fi ohùn sí i pé ó yẹ kí a kọ ìwé nípa Ọjà Ọba, kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn baà lè mọ bí àwọn ìyá wọn ti ń ṣòwò, bí wọ́n ti ń parí ìjà láàrin ara wọn, àti bí owó kéékèèké tí ó ti inú igbá gàrí jáde ti di owó ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohùn wa kò tí ì ṣọ̀kan lórí ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é. Àwọn kan ní kí a tẹ ìbéèrè sínú ìwé, kí a pín in yí ọjà ká. Àwọn mìíràn ní kí a rán ènìyàn lọ jókòó ti àwọn ọlọ́jà, kí ó bá wọn jí, kí ó bá wọn pàtẹ, kí ó sì bá wọn palẹ̀ mọ́. Àwa tí ẹ rán ti dán ọ̀nà méjèèjì wò. A wá láti jíṣẹ́ ohun tí ojú wa rí, àti ire rẹ̀ àti ibi rẹ̀. A kò sì ní fi àṣìṣe tiwa pamọ́ fún yín.

KÍ NI ÌWÁDÌÍ ÀBÁGBÉ?

Ọ̀nà kejì yìí ni a ó máa pè ní ìwádìí àbágbé. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹni tí ń ṣe é kì í dúró ní ẹnu ọ̀nà kí ó béèrè ọ̀rọ̀ kí ó sì máa lọ. Ó ń bá àwọn tí ó fẹ́ mọ̀ gbé, ó ń jẹ nínú ohun tí wọ́n ń jẹ, ó ń ṣe nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ojú rẹ̀ sì ń ṣọ́ ohun gbogbo. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn bàbá wa ti mọ ìdí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nítorí wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú òun ríran, àfi kí ó jókòó pẹ́ títí a ó fi gbàgbé pé àlejò ni.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹni tí a máa ń dárúkọ jù lórí ọ̀nà yìí ni Bronislaw Malinowski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì. Láàrin ọdún 1915 sí 1918 ó gbé láàrin àwọn ará erékùṣù Trobriand, ní ìhà ìlà-oòrùn New Guinea. Ó pàgọ́ sí abúlé wọn, ó kọ́ èdè wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Argonauts of the Western Pacific jáde ní ọdún 1922, lórí bí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ láti erékùṣù kan dé òmíràn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937, ó sì wà níbẹ̀ wọ ọdún 1938. Òun ni ó kọ̀wé ní ọdún 1952 lórí èsúsú wa, kí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé lè mọ̀ pé àwọn tí kò ní ilé ìfowópamọ́ mọ bí a ti ń kó owó jọ. Gloria Marshall, ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ẹni tí a wá mọ̀ sí Niara Sudarkasa lẹ́yìn náà, ṣe ìwádìí tirẹ̀ ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ọdún 1961 sí 1962; ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1973 fi hàn bí obìnrin Yorùbá ti ń dá òwò tirẹ̀ ṣe lọ́tọ̀ sí ti ọkọ, tí ó sì ń bójú tó ilé pẹ̀lú. Karin Barber láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ní Òkukù láti 1974 sí 1977 láti mọ oríkì. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn òṣèré Oyin Adéjọbí gun orí ìtàgé, ó bá wọn ṣe eré ní èdè wa. Bẹ́ẹ̀ ni Adó-Èkìtì wa yìí pàápàá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí Peter Lloyd ṣe ìwádìí nípa ilẹ̀ níní wọn, èyí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1962. Nítorí náà, àwọn ẹlòmíràn ti jókòó tì wá rí, wọ́n sì ti kọ wá sílẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni bí àwa náà yóò ti kọ ara wa.

OHUN TÍ ÌWÉ ÌBÉÈRÈ SỌ FÚN WA

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a tẹ ìbéèrè bí ogún sínú ìwé, a mú kálámù lọ́wọ́, a sì wọ Ọjà Ọba lọ ní òwúrọ̀. A kí àwọn ìyá wa, wọ́n sì fi ọ̀yàyà dá wa lóhùn. A béèrè pé èló ni èrè wọn lórí àpò gàrí kan. Wọ́n ní èrè kò sí mọ́, pé àwọn kàn ń ti ilé wá sí ọjà kí ẹsẹ̀ má baà kú ni. A béèrè bí wọ́n bá ń tajà láwìn; gbogbo wọn ni ó ní rárá, pé àwìn ti ba òwò jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. A béèrè bí ìjà bá ń wà láàrin wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà ni àwọn. A kó ìwé wa jọ, inú wa dùn, a rò pé iṣẹ́ ti parí.

Bí a ti ń jáde ní ìdí àwọn elélùbọ́ ni ìyá arúgbó kan pe ọ̀kan nínú wa sẹ́yìn, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé owó orí ni ẹ tún fẹ́ wá gbà ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa ronú. Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí ó bá mú ìwé wọ ọjà kò fi ìgbà kan mú ire wá. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba fi ọ̀gágun òyìnbó kan tí a ń pè ní Pullen ṣe alákòóso iye tí a ó máa ta oúnjẹ ní Èkó, àwọn obìnrin ọjà tí Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn sì kọ̀ fún un. Ní ọdún 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dìde sí owó orí àwọn obìnrin, ọ̀ràn náà sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ìtàn wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ìbéèrè wa, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú ìdáhùn tí a gbà. Kì í ṣe irọ́ ni àwọn ìyá wa pa fún wa. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́gbọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ tí kò mọ̀.

OHUN TÍ JÍJÓKÒÓ SỌ FÚN WA

A padà lọ, ìwé kò sí lọ́wọ́ wa mọ́. A mú obì dání, a tọ àwọn ìyá tí wọ́n jẹ́ olórí lọ, a sì sọ fún wọn láìfi ohunkóhun pamọ́ pé ìwé ni a fẹ́ kọ, àti ìdí tí a fi fẹ́ kọ ọ́. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí ọmọbìnrin méjì àti ọkùnrin kan nínú Ẹgbẹ́ máa wá jókòó ní ìdí gàrí àti èlùbọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n ń gbé àpò, wọ́n ń wọn kóńgò, wọ́n ń lé ewúrẹ́ kúrò ní ìdí àtẹ.

Ohun kìíní tí wọ́n rí ni pé àwìn wà. Ní òwúrọ̀, aláròóbọ̀ kan a dé, a wọn gàrí, a gbé e lọ láìsan kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kọ nǹkan sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ a padà wá san owó rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa fi ìtìjú sọ fún ìyá tí ó jókòó tì pé, “Yèyé, ẹ ní ẹ kì í tajà láwìn.” Ìyá náà wò ó lójú, ó ní, “Ọmọ mi, èyí kì í ṣe àwìn. Ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀ tí ó gbé ọjà lọ, ìyẹn ni àwìn. Èyí tí o ń wò yìí, mo mọ ìyá rẹ̀, mo mọ ọkọ rẹ̀, èmi ni mo gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́bí jó. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni.”

Ẹ gbọ́ bí! Ìyá yìí kò ṣèké nígbà tí a mú ìwé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwa ni a kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tí a fi ń béèrè túmọ̀ sí ní ẹnu rẹ̀. Bí a bá tẹ ẹgbẹ̀rún ìwé ìbéèrè, ẹgbẹ̀rún ìgbà ni a ó gbọ́ pé àwìn kò sí, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn ọmọ wa pé àwìn kò sí ní Ọjà Ọba. Èyí ni agbára tí ó tóbi jù nínú ìwádìí àbágbé: ó ń jẹ́ kí a rí ohun tí ènìyàn ń ṣe lẹ́bàá ohun tí ó ń sọ, kí a sì mọ ìdí tí méjèèjì fi yàtọ̀.

Agbára kejì ni pé ó ń fi ohun tí a kò mọ̀ láti béèrè hàn wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì, Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí. Òun ni ó béèrè ìdí tí Yèyé fi ń bu èènì púpọ̀ fún ẹnì kan, tí ó sì ń bu ìwọ̀nba fún ẹlòmíràn. Àwa tí a bí ní Adó kò ronú kan èènì rí, nítorí ojú wa ti mọ́ ọn. Yèyé dáhùn pé, “Èènì ni okùn tí mo fi so oníbàárà mọ́lẹ̀ kí ó lè padà wá. Ẹni tí ó ti so mọ́lẹ̀, kí ni mo tún ń fi okùn púpọ̀ ṣe sí i lọ́rùn? Ẹni tuntun ni mo ń bù ú fún.” Ìwé odidi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìwé ìbéèrè wa kò sì ní àyè kankan fún èènì.

Agbára kẹta ni pé ó ń fi ìgbà hàn. Ẹni tí ó wá ní òwúrọ̀ nìkan kò ní mọ bí iye owó ọjà ti ń já wálẹ̀ bí oòrùn ti ń wọ̀. Ẹni tí ó wá ní ọjọ́ kan kò ní rí ọjọ́ tí ìjà ṣẹlẹ̀ lórí àyè ìpàtẹ, tí olórí àwọn onígàrí pe àwọn méjèèjì jókòó, tí ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, tí ó ní kí àbúrò kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n sì dárí jì í, tí ọ̀rọ̀ náà sì parí láìdé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

ÀWỌN ÀÌLERA RẸ̀

Bí a bá dákẹ́ síbẹ̀, a ti tàn yín jẹ. Ọ̀nà yìí ní àìlera, a ó sì kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní: ẹni tí ó jókòó ní ìdí gàrí, gàrí ni ó mọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé báyìí ni wọ́n ń ṣe ní Ọjà Ọba. Ṣùgbọ́n wọn kò jókòó ti alápatà. Wọn kò bá oníṣu tí ó ti oko dé ní ìdájí sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ bí aláṣọ ti ń rajà. Wọ́n dé ìdí ìsọ̀ kan, wọ́n sì pe ìdí ìsọ̀ náà ní ọjà.

Èkejì: ó ṣòro fún un láti ka iye. Ó lè sọ fún wa bí ìgbẹ́kẹ̀lé ti rí, kò lè sọ fún wa iye àwọn tí ń ṣe é. Nígbà tí B. W. Hodder àti U. I. Ukwu kọ ìwé wọn lórí àwọn ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1969, ibi tí ọjà wà àti iye ọjọ́ tí ó wà láàrin ọjà kan àti èkejì wà nínú ohun tí wọ́n wá. Ẹni tí ó jókòó sí ojú kan kò lè mọ èyí, bí ó tilẹ̀ jókòó fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹta: ojú tí ń wò a máa yí ohun tí ó ń wò padà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Yèyé kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iye owó, kóńgò rẹ̀ sì ga bí òkè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun pàdánù ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí nítorí pé ojú ń ti òun.

Ẹ̀kẹrin: ẹni tí a rán ni yóò pinnu ohun tí a ó gbọ́. Nígbà tí ọkùnrin wa bá súnmọ́ wọn, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin a yí padà. Ọ̀kan nínú wọn kò sì dàgbà sí Èkìtì. Nígbà tí àwọn ìyá bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá láàrin ara wọn, tí ilé di ulé tí iṣu sì di uṣu, ẹ̀rín ni ó máa ń bá wọn rín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó ń gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún: ọkàn olùwádìí kì í ṣe omi tí ó mọ́ gaara. Lẹ́yìn tí Malinowski kú ní ọdún 1942, a rí ìwé tí ó ń kọ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1967, ẹnu ya àwọn ènìyàn láti rí i bí inú ti ń bí i sí àwọn tí ó ń bá gbé, àti bí àárò ilé ti ń sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nítorí pé ọmọ onílé ni àwa, ọkàn tiwa mọ́. Èènì tí ojú wa kò rí ti dá wa lẹ́jọ́. Nathaniel Fádípẹ̀, ọmọ Yorùbá, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939 lórí ìgbé ayé àwa Yorùbá. Ó kú ní 1944, a kò sì tẹ ìwé rẹ̀ títí di 1970. Ohun tí ó kọ níye lórí nítorí pé láti inú ilé ni ó ti mọ̀ ọ́n. Àlejò ń rí ohun tí ó ṣàjèjì, onílé ń mọ ìdí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá dá iṣẹ́ náà ṣe, ẹ̀gbẹ́ kan yóò ṣófo.

ÀṢÌṢE TIWA

Ẹ̀kẹfà ni ó wúwo jù, òun ni ó sì mú kí ojú tì wá láti dìde níwájú yín. Ẹni tí ó bá wa gbé, a máa ń gbàgbé láti ṣọ́ ẹnu wa lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń jẹ́ kí ìwádìí àbágbé ní agbára náà ni ó ń jẹ́ kí ó lè pa ènìyàn lára.

Ní ìpàdé wa kan tí ó ti kọjá, a ka ojú ìwé kan sétí gbogbo ènìyàn nípa ọlọ́jà kan tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, bí ó ti ń gba àjọ láti fi san àjọ mìíràn. A kò dárúkọ rẹ̀, a sì rò pé a ti ṣe ohun tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n a sọ ohun tí ó ń tà, a sì sọ igi tí ó ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Kí ni orúkọ tún kù? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tí ń gbé ọjà fún un ní ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó lójú ẹsẹ̀. Okùn tí ó fi ogún ọdún so, a fi ojú ìwé kan já a.

Ó wá sọ́dọ̀ wa. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ìjókòó ni mo fún yín, ẹ̀yin sì fi mí ṣe ìtàn.” A dọ̀bálẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá àgbà tọ àwọn onígbèsè lọ, wọ́n sì bá a tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. A fa ojú ìwé náà ya. Ìdí tí a fi lè sọ èyí lónìí ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. A sì ti yí ohun tí ó lè fi í hàn padà.

OHUN TÍ A RÒ PÉ Ó YẸ

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni èyí. Kí a lo ọ̀nà méjèèjì: kí a kọ́kọ́ jókòó, kí a lè mọ ohun tí ó yẹ láti béèrè àti ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi béèrè é, lẹ́yìn náà kí a béèrè, kí a sì kà, kí a baà lè mọ bí ohun tí a rí ní ìdí ìsọ̀ kan ti gbilẹ̀ tó. Kí a má ṣe jókòó ní ìdí ìsọ̀ kan ṣoṣo, tàbí ní ìgbà kan ṣoṣo nínú ọdún. Kí a rán onílé àti àlejò pọ̀, obìnrin àti ọkùnrin, kí wọ́n sì máa yẹ ọ̀rọ̀ ara wọn wò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe díbọ́n bí ẹni tí ó wá rajà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a ka ohun tí a kọ fún ẹni tí a kọ ọ́ nípa rẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́, kí a tó kà á fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó bá ní kí a yọ, kí a yọ ọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé báyìí ìwé náà yóò pẹ́ kí ó tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó tètè jáde tí ó sì sọ pé àwìn kò sí, irọ́ ni. Ìwé tí ó sọ òtítọ́ tí ó sì ba ojú ìyá jẹ́ lójú ọjà, gbèsè ni. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ìyá wa ti wà lọ́jà pẹ́, orí wa kò sì wọ́. Ó kan àwa náà nísinsìnyí láti wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, kí a má sì jẹ́ kí ìwé wa ṣe wọ́n ní ibi.

Yèyé tí ó sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé wà láàrin wa ní ìrọ̀lẹ́ yìí. A ti ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún un ṣáájú yín. Ibi méjì ni ó ti tún wa ṣe, a sì ti tún un ṣe.